Ìdájọ́ Tí Ìyá Onítáìpù Ní Òun Tẹ̀

N kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣọ́ yàrá fáìlì ní kóòtù wa, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú fáìlì, kó máa lọ sílé rẹ̀. Bàbá Fáìlì ni gbogbo wọn ń pè mí, látorí adájọ́ dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tó ní, "Ẹ kàn bá mi wo kinní kan fìrí," inú mi á ti bàjẹ́ kó tó dárúkọ nọ́ḿbà. Kò sí ohun tí èèyàn ń wò fìrí nínú ẹgbàá mẹ́ta fáìlì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá Onítáìpù kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti gbìyànjú láti gbé e mì, ó kọ̀ kò lọ.

Yàrá rẹ̀ ló tẹ̀lé tèmi. Pákó lásán ni wọ́n fi là wá láàárín, tó fi jẹ́ pé mo ti mọ ìró ọwọ́ rẹ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi tẹ ìdájọ́, ohun tí adájọ́ bá sì kọ lé e lọ́wọ́ náà ló ń tẹ̀, kì í bù kún un, kì í bù kúrò níbẹ̀. Lọ́dún kan, adájọ́ kan ṣèèṣì kọ orúkọ olùpẹ̀jọ́ síbi tó yẹ kí orúkọ olùjẹ́jọ́ wà. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó jàre sì di ẹni tó jẹ̀bi fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí adájọ́ pè é tó ń gbaná jẹ mọ́ ọn, ohun tó wí ni pé, "Olúwa mi, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ọ̀rọ̀ yín, èmi náà di adájọ́ nìyẹn, wọn ò sì sanwó adájọ́ fún mi." Ẹ̀rín ni adájọ́ fi gbé e.

Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó máa ń gbádùn àwọn ẹjọ́ tó ń tẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ló ń kàwé, orí òun kì í dá sí i. Ó ní òun lè tẹ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tán kí òun máà mọ̀ bóyá ọkọ ló lọ ni àbí aya. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi lé mi lójú.

Ìgbà tó yá ni lẹ́tà dé láti òkè. Wọ́n ní kò ní sí iṣẹ́ onítáìpù mọ́, pé àwọn adájọ́ tuntun ń tẹ ìwé fúnra wọn lórí kọ̀ǹpútà. Onítáìpù tó bá gba ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú ìmọ̀ okòwò, wọn yóò sọ ọ́ di igbákejì akọ̀wé kóòtù. Èyí tí kò bá gbà á, kó máa lọ sílé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún wọn. Àwọn onítáìpù méjì yòókù palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ní àwọn ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọ kíláàsì lọ. Ìyá Onítáìpù kò lè lọ. Kápẹ́ńtà ni ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọṣẹ́, kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé pákó mọ́, àbíkẹ́yìn wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Owó oṣù rẹ̀ ni gbogbo ilé náà ń jẹ. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan gbé báàgì kọ́ apá, ó ń lọ jókòó láàárín àwọn tó lè bí lọ́mọ, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ó yege, ẹ má wò ó. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀, kò fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kankan. Ó wá ku ẹyọ kan, òfin okòwò. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìwọ tó ń sùn nínú òfin, tó ń jí nínú òfin, kí lo tún ń bẹ̀rù òfin sí?" Ẹ̀kọ́ náà kò ní ìdánwò. Ìwé ìwádìí kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi gba máàkì gbogbo rẹ̀, ẹni mẹ́rin mẹ́rin ni yóò sì para pọ̀ kọ ọ́.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n pín mọ́ ọn, n kò rí wọn sójú rí, ṣùgbọ́n ó máa ń ròyìn wọn fún mi ní gbogbo ọjọ́ Ajé débi pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹbí mi. Alága jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń ta fóònù. Ohùn rẹ̀ ló gòkè jù, ìyẹn ló fi di alága. Oníbúrẹ́dì ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, ó sì máa ń tòògbé torí pé ìdájí ni wọ́n ń jí po ìyẹ̀fun. Ẹni kẹta ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ máa ń funfun gbòò, òjò ìbáà rọ̀, ẹrẹ̀ ìbáà wà. Oníbàtà Funfun ni ìyá náà sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé ó dùn.

Oníbúrẹ́dì ló mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa wádìí wá. Ọ̀gá rẹ̀ ra ẹ̀rọ àlòkù kan tó ń po ìyẹ̀fun. Ẹni tó tà á fún un ní, "Bó o ṣe rí i yẹn lo ṣe rà á o." Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ṣé òfin lè bá a gba owó rẹ̀ padà, àbí ohun tí ojú rẹ̀ rí lọwọ́ rẹ̀ rà? Olùkọ́ ní ìbéèrè tó dáa ni. Wọ́n pín iṣẹ́. Oníbúrẹ́dì yóò kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, Alága yóò kọ ohun tí ìwé òfin wí, Oníbàtà Funfun yóò wá àwọn ìdájọ́ àtijọ́ tó jọ ọ́, Ìyá Onítáìpù yóò kọ ìparí ọ̀rọ̀, yóò sì tẹ gbogbo rẹ̀. Alága ní, "Mọ́mì, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwa á wá a, ẹ̀yin á tẹ̀ ẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé ẹrù ru àgbà nìyẹn, pẹ̀lú àtẹ́wọ́.

Orí ìwé tí ìyẹ̀fun ti wọ̀ lára ni Oníbúrẹ́dì kọ tirẹ̀ sí. Alága kò kọ̀wé rárá. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, níbi tó ti ń tajà. Ìyá náà fi fóònù sétí, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tí Alága gba ìwé náà padà kà, ó bá a láàárín ọ̀rọ̀ òfin pé, "ẹ fi ẹgbẹ̀rún méjì kún un kẹ́ ẹ máa gbé e lọ." Ìyá Onítáìpù ti tẹ oníbàárà mọ́ òfin. Ìgbà tó sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Bí mo bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń fi pe Oníbàtà Funfun fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò fèsì. Lójijì ni tirẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pé pérépéré. Ìdájọ́ méje, pẹ̀lú ọdún, pẹ̀lú nọ́ḿbà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu adájọ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló gbè sẹ́yìn ọ̀gá Oníbúrẹ́dì. Ìkeje wọn, kóòtù wa ni wọ́n ní wọ́n ti dá a, ní yàrá ìgbẹ́jọ́ kẹta, lọ́dún tí Ìyá Onítáìpù ń tẹ̀wé fún yàrá kẹta.

Mo ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tó wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ojú ìwé náà.

"Bàbá Fáìlì, ẹ wá wo nǹkan. Ìdájọ́ yìí, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ rántí ẹ̀?"

"Ta ni ì bá tẹ̀ ẹ́? Ṣé kì í ṣe èmi nìkan ni mo wà ní yàrá kẹta lọ́dún yẹn ni? Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́: 'Ẹni tó bá mọ àbùkù ọjà rẹ̀ kò lè fi bó o ṣe rí i bò ó mọ́lẹ̀.' Ohùn adájọ́ yẹn gan-an nìyẹn. Ọjọ́ tó gbé e fún mi, òjò ń rọ̀."

Mo ní, "Ohùn ẹ̀ ni lóòótọ́," mo sì tún bu oúnjẹ sẹ́nu. Fáìlì ọdún náà wà lórí pẹpẹ kẹrin, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbi tí mo jókòó. N kò dìde. Èmi tí mo ń fi ojoojúmọ́ ayé mi bú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ láì wo fáìlì.

Kò síbi tí kò ròyìn rẹ̀ dé. Ọkọ rẹ̀ sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìdájọ́ tí ìyàwó òun tẹ̀ ti di ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyá náà máa rí i pé ohun tí òun ń tẹ̀ ń débì kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dúró ṣàlàyé níwájú kíláàsì, olùkọ́ òfin jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Lọ́yà ni tẹ́lẹ̀ kó tó di olùkọ́, ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Ó ní, "Ẹjọ́ keje yìí, mi ò rí i nínú ìwé kankan. Níbo lẹ ti rí i?" Alága wo Oníbúrẹ́dì, Oníbúrẹ́dì wolẹ̀. Oníbàtà Funfun bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú. Ìyá Onítáìpù ló dìde.

"Ọ̀gá, èmi ni mo tẹ ìdájọ́ yẹn. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni."

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ mi orí, ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni í rántí òwe nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún un?

Lọ́sẹ̀ kejì, láàárín ìwé ogójì tí wọ́n ń kó wá fún mi lójúmọ́, ìwé ìbéèrè kan dé orí tábìlì mi. Orúkọ lọ́yà kan tí n kò mọ̀ ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọdún àti nọ́ḿbà: irinwó ó lé méjìlá. N kò so ó mọ́ ohunkóhun, torí pé n kò wo nọ́ḿbà tó wà lórí ìwé ìyá náà lọ́jọ́ tí mo ń jẹun. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ọdún náà, ẹjọ́ tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ kò ju ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógójì lọ. Inú bí mi pé ẹnì kan fi àlá rẹ̀ rán mi níṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé: "Kò sí irú fáìlì yìí ní kóòtù yìí, kò sì sígbà kan tó wà rí." Apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí. Inú fùfù ló kọ ọ́. Mo tẹ òǹtẹ̀ sí i, mo buwọ́ lù ú gàdàgbà.

Ìwé yẹn ni olùkọ́ fi síwájú wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní àwọn mẹ́fà yòókù náà kò sí níbì kankan láyé. Ó bi wọ́n léèrè ta ló kọ ọ́. Oníbàtà Funfun kò purọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó ní òun bi fóònù ni, ọpọlọ ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń dáhùn ìbéèrè. Ó ní òun sọ fún un pé kó bá òun wá ìdájọ́ tó gbè sẹ́yìn ẹni tó ra ẹ̀rọ, ó sì kó o wá. Òun rò pé ó mọ̀ ọ́n ni. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò: ìwé tó bá ní irọ́ nínú, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fìdí rẹmi, kí wọ́n padà wá ṣe ẹ̀kọ́ náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá Onítáìpù ṣàlàyé lẹ́tà kóòtù fún olùkọ́, ó bẹ̀ ẹ́, ó kúnlẹ̀. Olùkọ́ ní kó dìde, ojú ń ti òun náà.

Ó ní, "Ìyá, tàwọn ọmọ yìí yé mi. Wọn ò wádìí ni. Ẹ̀yin dìde, ẹ jẹ́rìí sí i."

Níta, Oníbàtà Funfun sáré tẹ̀lé e. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ọdún kan péré ni. A ó jọ tún un ṣe." Ó dá a lóhùn pé kò burú. Ọmọ náà kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹni ogún ọdún lè gbé ọdún kan sọnù kó máà wẹ̀yìn. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù fún ìyá náà ní kóòtù.

Lọ́jọ́ Ajé ó wọ yàrá mi, kò kí mi. Ó gbé ẹ̀dà ìwé náà sórí tábìlì, mo sì rí ìbuwọ́lùwé mi. Ó ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lórí ìdúró, bí ẹni tó ń ka ìwé ẹlòmíì.

"Ẹ bá mi tún un wò," ló wí. "Bóyá wọ́n ṣèèṣì fi í sínú fáìlì míì ni."

Kì í ṣe fìrí ni mo wò ó lọ́jọ́ yẹn. A kó gbogbo fáìlì yàrá kẹta ọdún náà sílẹ̀, èmi ní apá kan, òun ní apá kan. Nísàlẹ̀ ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ méjì máa ń wà tó ń fi ẹni tó tẹ̀ ẹ́ hàn. Mo ń wo nọ́ḿbà. Òun ń kà wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó ka ìdájọ́ rí. Ó ka ti opó kan tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka ti ọkùnrin kan tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, tí ilé iṣẹ́ ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.

"Èmi ni mo tẹ èyí?"

"Àmì yín ló wà nísàlẹ̀."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó mú òmíràn. Títí di agogo mẹ́ta ọ̀sán, ó ti ka bí ogún, kò mọ ìkankan nínú wọn. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń wá fáìlì mọ́.

Ohun tí mo sọ lẹ́yìn náà, n kò ní bò ó. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé bébà ọdún náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, òǹtẹ̀ àtijọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀, tapuráítà rẹ̀ àtijọ́ sì wà lábẹ́ fèrèsé. Kó tẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi yóò fi kún ìwé àkọsílẹ̀, èmi yóò kọ̀wé pé mo ṣì í wò. Èmi tí mo ti bá mẹ́sẹ́ńjà jà nítorí èèpo fáìlì tó ya.

Ó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, ó ki bébà bọ̀ ọ́, ó gbé ìka lé e. Ọwọ́ náà kò lọ.

"Ẹ máa pè é," ló wí.

"Kí n máa pe kí ni?"

"Ohun tí adájọ́ sọ."

Mo bẹ̀rẹ̀: "Ilé ẹjọ́ yìí ti gbọ́ tẹnu olùpẹ̀jọ́ àti tẹnu olùjẹ́jọ́." Ó tẹ̀ ẹ́ tán kí n tó mí, kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Mo wá dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ dúró lófuurufú, ó ń retí mi. Mo wá ọ̀rọ̀ títí nínú ikùn mi. Ọdún méjìlélógún tí mo ti ń kó ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ pa mọ́, n kò ní gbólóhùn kejì.

Ó yọ bébà náà, ó ká a sí mẹ́rin.

"Kì í ṣe iṣẹ́ tó ń lọ yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù," ló wí. "Bàbá Fáìlì, mo rí i. Mo rí adájọ́ yẹn tó gbé e fún mi, mo rí òjò níta, mo rí ara mi tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo èyí tí mo tẹ̀ lóòótọ́, mi ò rí ìkankan."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi nítorí ìwé tí mo kọ yẹn."

Ó ti ń to àwọn fáìlì padà sórí pẹpẹ, ní nọ́ḿbà ní nọ́ḿbà.

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ẹ̀yin wò ó kẹ́ ẹ tó kọ ọ́."

Ó yẹ kí n sọ fún un nígbà náà pé lọ́jọ́ tó gbé e wá tọ̀ mí níbi oúnjẹ, n kò wò ó. Ó ku fáìlì mẹ́fà tàbí méje lọ́wọ́ rẹ̀, àyè wà. N kò sọ ọ́. Oṣù keje rèé tó ti lọ sílé, n kò tíì sọ ọ́.